Ṣé O Mọ̀? Irun Orí Òṣèré

Ṣé o mọ̀ pé etí irun ni àwọn onídìrí Ìpájà ní Èkó kọ́kọ́ ń wò bí fíìmù bá bẹ̀rẹ̀? Irun tó hù láti orí kì í bẹ̀rẹ̀ lójú ìlà kan ṣoṣo. Irun wẹ́wẹ́ a máa wà níwájú àti lẹ́bàá etí. Ti wíìgì a máa gún régé jù. Wọ́n á tún wo ìlà àárín orí: ṣé awọ orí ló hàn níbẹ̀, àbí àwọ̀n tó ń dán? Bí òṣèré bá sáré nínú oòrùn, òógùn á tú gọ́ọ̀mù tó lẹ wíìgì mọ́ orí, etí àwọ̀n á ká sókè.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń so irun mọ́ àwọ̀n ojúlówó wíìgì, fọ́nrán kan tẹ̀lé òmíràn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ní ìkọ́ lẹ́nu. Lára irun tí wọ́n ń lò ni èyí tí àwọn olùjọsìn fá sílẹ̀ ní tẹ́ḿpìlì Tirumala ní Íńdíà, tí tẹ́ḿpìlì náà ń tà ní gbàǹjo. Bí o bá ń ra irun ní Ìyànà Ìpájà, ní kí wọ́n fi iná kan fọ́nrán kan. Ti ènìyàn á jó di eérú, òórùn ìyẹ́ tó jóná á sì gba imú rẹ. Ti ọ̀rá á yọ́, á di kókó líle.

Ṣé o mọ̀ pé irun àtọwọ́dá ti wà nínú eré Yorùbá kí sinimá tó dé? Ọkùnrin ló ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ṣùgbọ́n agbẹ́gilére a máa gbẹ́ irun dídì obìnrin sí orí igi tó gbé rù. Gbogbo ọjà mọ̀ pé igi ni, inú wọn sì ń dùn, torí irun náà bá ẹni tó dúró fún mu.

Irun tí kò bá ẹni tó dúró fún mu ló ń dùn mí nínú fíìmù tó dá lórí Ọ̀yọ́ àtijọ́. Láyé ìgbà náà, irun ló ń sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́: ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba, a máa fá apá kan orí rẹ̀, ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ọkùnrin pọ́ńbélé, a máa dirun. Kí olorì wá jáde láàfin pẹ̀lú irun Íńdíà tó ń fì léjìká, rárá o! Fíìmù tó dá lórí ayé 1970 ńkọ́? Ayàwòrán J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán irun àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní 1968, ó sì ya nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Irun tí wọ́n ń pè ní Onílégogoro wà lára wọn. Kí àwọn olùdarí gbé àwòrán wọ̀nyẹn fún àwọn ìyá tó ṣì mọ irun kíkó ní Ìpájà, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ wọn pé.