Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa ta rélùwéè kékeré nínú ilé, ẹ kọ́ àtúnṣe

Ní oṣù Kínní ọdún 2024, Hattons kéde pé àwọn ń kógbá wọlé. Liverpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1946, rélùwéè kékeré ni wọ́n sì ń tà: irú èyí tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ wọ àtẹ́lẹwọ́, tó ń fi iná mànàmáná sáré yípo lórí tábìlì.

Tí ilé ìtajà tó tó bẹ́ẹ̀ bá lè kógbá wọlé, kí wá ni ẹni tó ń ta irú ọjà yìí nínú yàrá kan nílé rẹ̀ ń wá? Èmi ò rò pé iṣẹ́ náà ti tán o. Àmọ́ owó rẹ̀ kò sí nínú páálí tuntun mọ́.

Ẹ wò ó. Hornby, tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nídìí ọjà yìí ní Britain, ń tà fún oníbàárà fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé ẹ fẹ́ bá ẹni tó ṣe ọjà du iye owó ni? Òfin ibẹ̀ tún fún ẹni tó rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti dá a padà. Lóòótọ́, ẹ lè yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀ tó bá ti lò ó ju bó ṣe yẹ lọ, àmọ́ ta ló fẹ́ máa bá oníbàárà jà nítorí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó dọ̀tí?

Àlòkù ni ọjà gidi. Ẹ mú Hornby Dublo, tó jáde lọ́dún 1938. Òòfà inú rẹ̀ lè ti rẹ̀, gírísì rẹ̀ á ti gan, káábọ̀nù tó ń gbé iná sínú rẹ̀ á ti jẹ. Gbogbo ìyẹn ló ṣeé tún ṣe lórí tábìlì ìdáná, ọkọ̀ tí kò mira tẹ́lẹ̀ á sì tún sáré. Èyí tí kò gbóògùn ni ti irin zinc tí òjé ti dà pọ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́. Á wú, á sán, á fọ́ bíi bisikíìtì. Ẹ tú u wò kẹ́ ẹ tó sanwó!

Ẹ tún mọ ìwọ̀n. OO ti Britain jẹ́ 1:76, HO tí Jámánì àti Amẹ́ríkà ń lò jẹ́ 1:87, síbẹ̀ ojú irin mílímítà 16.5 kan náà làwọn méjèèjì ń gbà. Ẹni tí kò mọ̀ á tò wọ́n pọ̀, ọ̀kan á wá dà bí ẹ̀gbọ́n èkejì.

Tẹ́ ẹ bá tún un ṣe tán, ẹ ya fídíò rẹ̀ níbi tó ti ń sáré. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Ọkọ̀ tí Joshua Lionel Cowen kọ́kọ́ ṣe ní New York, kó lè fa èrò wá sójú fèrèsé ilé ìtajà ni. Àwọn èrò ní ọkọ̀ yẹn gan-an làwọn fẹ́ rà.

Ti owó-orí kò gùn: tí owó tó wọlé bá ti ju £1,000 lọ lọ́dún kan, kẹ́ ẹ tó yọ ìnáwó, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹ má sì máa kó ọkọ̀ tó wù yín jù pa mọ́. Wọ́n ní ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ la ti ń jẹ, àmọ́ ẹ má jẹ ọjà tán.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni bí ọjà àlòkù yìí ṣe ń délé yín. Bàbá kan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó o jọ, bàbá ti kú, màmá kò sì mọ ohun tó wà nínú páálí. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá dárúkọ ni màmá á gbà. Ẹni tó bá fún un ní owó tásẹ́rẹ́, èmi ò lè pe ìyẹn ní òwò. Ẹ kọ iye tí ìkọ̀ọ̀kan ń lọ lọ́jà sínú ìwé, kẹ́ ẹ fún màmá. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bá a tà á, kẹ́ ẹ yọ owó iṣẹ́ yín tẹ́ ẹ ti jọ fẹnu kò sí tẹ́lẹ̀.