Àkọsílẹ̀ Àyẹ̀wò Gẹ́gẹ́ bí Ohun Èlò Olóòtú: Àgbéyẹ̀wò Kan láti Ara Ìwé Ìròhìn Abẹ́òkúta

Nígbà tí Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta ní ìparí ọdún 1859, iṣẹ́ tí ó dáwọ́ lé kì í ṣe èyí tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn lè sinmi bí ìwé náà bá ti jáde tán. Ti olóòtú kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ìwé náà ń jáde. Bí ẹ̀dà kan bá ti dé ọwọ́ òǹkàwé lónìí, òmíràn ti ń sún mọ́lé, èyí tí òǹkàwé yóò tún fi ọgọ́fà owó ẹyọ, ìyẹn okùn mẹ́ta, rà. Nínú irú iṣẹ́ àṣetúnṣe bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe máa ń fara pamọ́ sí, nítorí pé ẹni tí ó ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà kì í fi ojú tuntun wò ó mọ́. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò ni ìrànlọ́wọ́ tí àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò lè ṣe fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àti ibi tí ìrànlọ́wọ́ náà pin sí.

Àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò ni ìwé pélébé tí a to àwọn ohun tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé sí, tí òṣìṣẹ́ ń kà, tí ó sì ń fi àmì sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Kì í kọ́ ènìyàn níṣẹ́. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ó wà fún. Ìdí nìyí tí ó fi gbilẹ̀ láàrin àwọn awakọ̀ òfurufú. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1935, ọkọ̀ òfurufú ńlá kan tí ilé-iṣẹ́ Boeing ń dán wò fún àwọn ológun Amẹ́ríkà já lulẹ̀ ní Dayton. Ẹni tí ó wà á kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Ìdè tí a fi ń de apá ìdarí ọkọ̀ náà nígbà tí ó bá wà nílẹ̀ ni a gbàgbé láti tú. Lẹ́yìn èyí ni a ṣe àkọsílẹ̀ fún àwọn awakọ̀ náà.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà lo irú àkọsílẹ̀ yìí. Èkíní ni kí a ka ìlà kan kí a tó ṣe ohun tí ó wí. Èkejì ni kí a ṣe iṣẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n ṣe, kí a wá dúró níbì kan kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Èkejì ni ó bá olóòtú mu jù, ibi ìdúró náà sì ṣe pàtàkì ju iye ìlà lọ. Kí a tó to lẹ́tà, kí a tó tẹ̀ ẹ́, kí a tó pín in: níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni àtúnṣe ṣì wà lọ́wọ́ ẹni. Bí ẹ̀dà bá ti dé ọjà, ẹ̀bẹ̀ ni ó kù.

Kò sí ohun tí ó fi hàn pé Townsend ní irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n bí a bá wo irú ìròyìn tí Ìwé Ìròhìn máa ń gbé jáde, a ó rí ohun tí ó jọ ọ́: ìbatisí, ikú, ìrìn-àjò àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ òwò àti òwú. Ní ọdún 1860, èdè Gẹ̀ẹ́sì dara pọ̀ mọ́ Yorùbá nínú rẹ̀. Irú ìròyìn tí ń padà wá lóòrèkóòrè máa ń ṣiṣẹ́ àkọsílẹ̀ fún olóòtú: bí ààyè òwú bá ṣófo, ó mọ̀ pé ẹnì kan kò tíì lọ sọ́jà béèrè.

Ti olóòtú ìwé Yorùbá tún le díẹ̀ sí i, nítorí àkọtọ́. Láti ìgbà ìpàdé àkọtọ́ ti Èkó ní 1875 títí dé èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ìlànà ti yí padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé kò yí padà lọ́jọ́ kan náà. “Aiye” àti “enia” ṣì ń yọjú níbi tí ó yẹ kí “ayé” àti “ènìyàn” wà. Bí àmì ohùn bá sì sọnù, ta ni yóò mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀? Ṣùgbọ́n kí a kọ “yẹ àmì ohùn wò” sínú àkọsílẹ̀ kò tó nǹkan. Ó gbòòrò jù, ẹnikẹ́ni yóò sì fi àmì sí i láìwò. Ìlà tí ó wúlò ni èyí tí a fà yọ láti inú àṣìṣe tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àpẹẹrẹ kan kò jìnnà: ǹjẹ́ oyè bá ibi tí ó ti wá mu? Aláké ni ti Ẹ̀gbá Aké, Òṣilẹ̀ ni ti Òkè-Ọnà, Àgùrá ni ti Gbágùrá, Olówu sì ni ti Òwu. Ìwé tí ó bá gbé oyè ọ̀kan fún èkejì kò ṣi lẹ́tà kọ lásán; ó ti tàbùkù odidi ìlú, kò sì ní yà á lẹ́nu bí àwọn ará ibẹ̀ kò bá rà á mọ́.

Wàyí o, fífi àmì sí ìlà kò túmọ̀ sí pé a ti ṣiṣẹ́. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ti rí èyí. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dán àkọsílẹ̀ oníbéèrè 19 wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ, ọ̀kan nínú wọn ní Ifakara ní Tanzania, àbájáde tí ó jáde ní 2009 fi hàn pé iye àwọn tí ń kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ dín kù láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Ontario ní Kánádà, níbi tí ìjọba ti ní kí gbogbo ilé ìwòsàn máa lò ó, ìwádìí 2014 kò rí ìyàtọ̀ tí ó ṣe gbòógì. Onímọ̀ kò fi ẹnu kò lórí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé àṣẹ nìkan kò lè mú kí ènìyàn wo ohun tí ó ń fi àmì sí. Fún olóòtú, ó sàn kí ẹlòmíràn máa ka ìlà náà sókè, kí olóòtú fúnra rẹ̀ máa wá a lójú ìwé. Ó sì yẹ kí a máa yọ ìlà tí kò mú àṣìṣe kankan fún ọ̀pọ̀ ẹ̀dà kúrò, nítorí àkọsílẹ̀ tí ń gùn sí i lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ di èyí tí a kì í kà.

Ibì kan wà tí irú ohun èlò yìí kì í dé. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, gbọ́nmi-si-omi-ò-to nípa owó orí ọjà àti ààlà wà láàrin Èkó àti Ẹ̀gbá. Ní 13 oṣù kẹwàá ọdún 1867, ìbínú náà bú jáde nínú Ifọ́lé: a wó ṣọ́ọ̀ṣì, a lé àwọn òyìnbó òjíṣẹ́ jáde, Ìwé Ìròhìn sì dópin. Yóò jẹ́ àsọdùn láti sọ pé ìwé náà ni ó fa Ifọ́lé. Síbẹ̀, ìwé tí òyìnbó ń darí, tí ó ń bá Ẹ̀gbá sọ̀rọ̀ ní èdè kan, tí ó sì ń bá àwọn mìíràn sọ̀rọ̀ ní èdè kejì, ní ìbéèrè kan tí ìbatisí, ikú àti òwú kò lè dáhùn: báwo ni ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣe dún létí ẹni tí kì í ṣe tiwa? A lè kọ ọ́ sí ìlà ìkẹyìn nínú àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlà tí a ń fi àmì sí kí a sì kọjá. Ó ń fẹ́ kí olóòtú jókòó ti ẹlòmíràn, pàápàá ẹni tí ó lè sọ fún un pé kí ó má tẹ̀ ẹ́.