Tíṣà Fẹ́ Di Apẹja

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi yọ̀! Oṣù kẹwàá ni mo fẹ́ kọrí láti Orè sódò Olúwa ní Agbabú, lábẹ́ Odìgbó. Mo ti ra ìwọ̀ àti okùn, mo ti gé ọparun; ekòló ló kù.

Baba apẹja kan rẹ́rìn-ín: “Tíṣà, omi ṣì kún, ẹja ti fọ́n wọ igbó. Ẹ jẹ́ kí òjò dá, kí odò fà.” Ó di ìparí oṣù kọkànlá.

Baba tún ní: “Ẹ má ra ẹja ọ̀pọ̀ tó léfòó.” Àwọn kan a máa da Gamalin, oògùn kòkó, sódò, ó ń pa ẹja tọmọtọmọ, májèlé sì ni fún ẹni tó jẹ ẹ́. Àdéhùn àgbáyé ti fòfin dè é ní 2009. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó.

Ní tèmi, ìwọ̀ ni. Bí n kò bá rí pa, n ó jẹ ẹ̀fọ́ lásán.