Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Gáàsì Ésì Ọkọ̀ Ti Ń Jò

Gáàsì tó ń mú ésì ọkọ̀ tutù kì í jó tán bíi bẹntiróòlù. Inú páìpù tí a dí pa ló ti ń yípo: kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, kọ́ńdẹ́ńsà iwájú rédíétọ̀ á tú ooru rẹ̀ sáfẹ́fẹ́, á wá gba ojú ihò tóóró kan wọ kọ́ìlì inú dáṣíbọọ̀dù, níbi tó ti ń fa ooru inú ọkọ̀ mọ́ra. Bó bá dín kù, ó ti ríbi gbà jáde ni. Lóòótọ́, hóòsì rọ́bà a máa jẹ́ kí díẹ̀ sá lọ láàárín ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó tán láàárín oṣù díẹ̀, ojú ihò ló gbà. Ẹni tó ń rọ gáàsì ṣáá láìwá ihò náà ń fowó ṣòfò.

Ọkọ̀ àtijọ́ tó ń ná ọ̀nà Oǹdó gba Ajue já sí Ọ̀rẹ̀, tàbí tó ń bá àwọn ọkọ̀ akẹ́rù du òpópónà Ṣàgámù sí Bìní, kò lè ṣàìjò bópẹ́ bóyá. Gbọ̀ngbọ̀n ojú ọ̀nà ń tú oríkèé páìpù, òkúta ń lu ìsàlẹ̀ kọ́ńdẹ́ńsà, ooru ẹ́ńjìnnì sì ń mú kí rọ́bà róbótó inú oríkèé le gbagidi. Gáàsì R-12 ni ọkọ̀ ayé Peugeot 504 ń lò. Nítorí pé ó ń ba ìpele ózónì jẹ́, àdéhùn Montreal ọdún 1987 mú kí wọ́n pa á tì, R-134a sì gbapò rẹ̀ nínú ọkọ̀ tuntun láàárín ọdún 1990 sí 1995. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ lójú títì.

Kí a tó fẹ̀sùn kan gáàsì, ó yẹ ká wò ó bóyá fáànù iwájú ń yí, bóyá bẹ́líìtì kò tú, bóyá ìdọ̀tí kò dí ojú kọ́ńdẹ́ńsà. Lẹ́yìn èyí ni gééjì kàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, tó sì ti tutù, tí ooru àyíká jẹ́ 30°C, gééjì R-134a yóò kà tó nǹkan bí 95 sí 100 psi. Bó bá rẹlẹ̀ gan-an sí èyí, gáàsì ti lọ. Àmọ́ bó bá pé bẹ́ẹ̀, kò túmọ̀ sí pé gáàsì inú rẹ̀ pọ̀ tó: níwọ̀n ìgbà tí díẹ̀ bá ṣì wà ní olómi, òǹkà náà kì í yí padà.

Ojú lásán ló ń rí ọ̀pọ̀ ihò. Ọ́ìlì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń bá gáàsì rìn, nítorí náà ibi tí gáàsì bá ti sá, ọ́ìlì á rin ibẹ̀, eruku pupa á lẹ̀ mọ́ ọn, á di ẹrẹ̀ dúdú tó ń yọ̀ lọ́wọ́. Ká wo iwájú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lẹ́yìn ibi tó ń yí, gbogbo oríkèé, àti ẹnu ibi tí a ti ń rọ gáàsì, tí ìdérí rẹ̀ sábà máa ń sọnù. Ká da ọṣẹ olómi sí ibi tó bá múni fura. Bó bá ń hó, a ti rí i.

Ihò kékeré kì í hó. Fún irú èyí ni wọ́n ṣe ń fi aró sínú gáàsì, tí tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò yóò mú kí ó tàn bí ewé títútù. Ẹ̀rọ agbóòórùn tún wà. Abẹ́ oríkèé la ń gbé e sí, torí R-134a wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Fún kọ́ìlì inú dáṣíbọọ̀dù, ẹnu ọ̀pá tí omi ésì ń gbà kán sílẹ̀ la ó gbé e sí, kí a má tíì tú dáṣíbọọ̀dù.

Bí gbogbo gáàsì bá ti tán, náítírójìn gbígbẹ ni ká fi dán an wò. Ọ́síjìn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láé, nítorí ó lè bú gbàù bó bá kan ọ́ìlì. Gáàsì ìdáná náà kò yẹ ní ésì ọkọ̀. Iná ló ń gbà.

Bí a bá ti pààrọ̀ rọ́bà tàbí apá tó bàjẹ́, a ó pààrọ̀ ìgò tó ń fa ọ̀rinrin náà, a ó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ká sì wò ó bóyá abẹ́rẹ́ gééjì dúró. Lẹ́yìn náà la ó fi òṣùwọ̀n rọ iye giramu tí wọ́n kọ sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.