Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Blueberry inú ìkòkò

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ ò ní ju bálíkónì lọ, ẹ lè gbin blueberry, kó sì so dáadáa. Ilẹ̀ tó ní ásíìdì ló bá a lára mu: pH 4.5 sí 5.5. Onímọ̀ ewéko kan, Frederick Coville, ló kọ ọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1910 pé ilẹ̀ tó ní ásíìdì ló ń fẹ́. Nígbà tó di 1916, òun àti àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Elizabeth White ti ta èso àkọ́kọ́ tí wọ́n gbìn ní New Jersey.

Nítorí ilẹ̀ tó ní ásíìdì yìí ni ìkòkò fi dára: ẹ̀yin lẹ ó yan erùpẹ̀ inú rẹ̀. Èyí tó ní ásíìdì, tí wọ́n kọ “ericaceous” sára àpò rẹ̀, ni kẹ́ ẹ rà. Kí ìkòkò fẹ̀ tó 30 cm, kí wọ́n sì ti lu ìdí rẹ̀.

Omi ló ṣe pàtàkì jù. Ṣé ẹ mọ nǹkan funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù? Inú omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń wá, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń pa ásíìdì inú erùpẹ̀. Tí ewé bá di pupa rúsúrúsú, tí iṣan ara rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó ti ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé báàkẹ́tì síta, kẹ́ ẹ fi gbe omi òjò. Tí òjò bá dá pátá, ẹ bu omi ẹ̀rọ sí i. Ó sàn ju kó gbẹ lọ.

Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí ẹyẹ. Ẹ má sì kánjú já èso torí pé ó ti dúdú: ẹ wo ibi tó ti so mọ́ ẹ̀ka. Tó bá ṣì pupa níbẹ̀, ó ṣì kan.

Nígbà òtútù, gbogbo ewé rẹ̀ á wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e dà nù, kò kú.