Áńpù ni àbí pẹ́dà? Bí onígìtá tí owó rẹ̀ ò pọ̀ ṣe lè ra ohùn tó dáa

Ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí la kọ sílẹ̀ yìí, fún ẹni tí data rẹ̀ ò tó láti gbọ́ ọ, àti fún ẹni tó wà nínú mọ́tò láti Ìyànà-Ìsọlọ̀ dé Òṣòdì tí ariwo kọ̀ńdọ́ ò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan.

Ìbéèrè kan ló pọ̀ jù nínú ohun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp: "Mo ti ra gìtá. Owó tó ṣẹ́kù ò pọ̀. Ṣé kí n ra áńpù ni, àbí pẹ́dà tó ń ṣe oríṣiríṣi ohùn?"

Ká má fọ̀rọ̀ falẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé Òṣòdì, Mafoluku, Ìsọlọ̀ tàbí Àjàó Estate, tó sì jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì àti òde ìnáwó lẹ ti ń ta gìtá, pẹ́dà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Áńpù lè dúró. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀, ká sì sọ irú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò bá mu.

Kí ni iṣẹ́ áńpù gan-an?

Iná tó ń jáde láti inú gìtá oníná kéré púpọ̀. Abẹ́ okùn gìtá ni mágínẹ́ẹ̀tì wà, tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín wé. Bí okùn bá ti ń gbọ̀n, iná díẹ̀ á jáde, àmọ́ kò lágbára tó láti mi sípíkà. Áńpù ló máa gbà á, á fún un lágbára, á sì tì í sínú sípíkà.

Ohun kejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Sípíkà gìtá kì í ṣe bíi sípíkà tí a fi ń gbọ́ rédíò. Ó máa ń gé ohùn tó mú jù, tó ń gún etí, kúrò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ki gìtá oníná bọ mixer ní tààrà, ó máa ń dún gbẹrẹfu, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí lu agolo. Kì í ṣe gìtá yín ló burú. Sípíkà tó yẹ kó tún ohùn náà ṣe ni kò sí níbẹ̀.

Nílùú Èkó níbí, Àyìndé Bákàrè ni wọ́n mọ̀ sí ẹni tó kọ́kọ́ mú gìtá oníná wọ inú orin jùjú, ní 1949. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìlù ò lè pọ̀ jù, torí wọ́n á bo gìtá mọ́lẹ̀. Nígbà tí gìtá ti ní agbára, àyè gba gángan láti pọ̀ sí i. Nígbà tí King Sunny Adé fi máa gbé àwo "Juju Music" jáde lọ́dọ̀ Island Records ní 1982, gìtá bíi mélòó kan ló ti ń dá ara wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìkọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó ń sọ.

Ohun tí ìyẹn kọ́ wa nípa owó ni pé ohùn tó mọ́, tó sì gé dáadáa, ni orin wa ń fẹ́ jù. Gìtá jùjú, gìtá highlife, gìtá ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìkan náà ni. Bí ohùn bá ti fọ́ ju, tó ń ké bíi ti rock, gbogbo gìtá á dàpọ̀ mọ́ra wọn. Nítorí náà, bí ẹni tó ń tajà bá ń sọ pé pẹ́dà òun ní 40 oríṣi distortion, ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Ẹ bi í pé báwo ni ohùn rẹ̀ tó mọ́ ṣe rí.

Níbo lẹ ti máa ta á?

Ibi mẹ́ta ni onígìtá àdúgbò wa sábà máa ń ta gìtá: nínú yàrá, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti lóde ìnáwó.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti yàrá. Ẹni tó ń gbé fèsì-mí-n-fèsì-ẹ mọ̀ pé bí ẹnìkan bá sín nínú yàrá kejì, ẹ ó gbọ́. LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, sọ pé ariwo ò gbọdọ̀ ju decibel 55 lọ lójú ọ̀sán ní àdúgbò ibùgbé, kò sì gbọdọ̀ ju 45 lọ lóru. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì bá jọ ń sọ lásán tó nǹkan bíi 60. Áńpù tó kéré jù lọ́jà á kọjá gbogbo ìyẹn wẹ́rẹ́. Headphone nìkan ló lè jẹ́ kẹ́ ẹ ta gìtá ní aago mẹ́wàá alẹ́ láì bá lánlọ́ọ̀dù tàbí alájọgbé jà.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń bójú tó mixer á fún yín ní wáyà kan, á ní kẹ́ ẹ ki gìtá bọ̀ ọ́. Sípíkà ńlá ti wà nílẹ̀. Bí ẹ bá gbé áńpù wá, ó lè sọ pé ariwo rẹ̀ ń wọ máìkì àwọn akọrin. Lóde ìnáwó náà, abẹ́ kánópì, ẹ̀rọ tí wọ́n háyà ni gbogbo yín máa lò.

Ẹ wò ó báyìí: nínú ibi mẹ́ta, kò sí ìkankan tó dandan kẹ́ ẹ ní áńpù tiyín. Ṣùgbọ́n ní gbogbo rẹ̀, ẹ nílò ohun tó máa ṣe iṣẹ́ sípíkà gìtá yẹn kí ohùn tó dé mixer. Pẹ́dà ló lè ṣe é.

Pẹ́dà tó yẹ kẹ́ ẹ wá

Ohun márùn-ún ni kẹ́ ẹ máa wò. Àkọ́kọ́, kó ní ohùn áńpù àti ohùn sípíkà nínú. Wọ́n máa ń pè é ní amp model àti cab. Èkejì, ihò headphone. Ẹ̀kẹta, ihò AUX tàbí Bluetooth, kẹ́ ẹ lè gbọ́ orin láti orí fóònù yín kẹ́ ẹ sì máa ta gìtá tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹrin, kó lè lo bátìrì tàbí power bank. Ẹ̀karùn-ún, looper, èyí tó ń gba ohun tẹ́ ẹ ta sílẹ̀ tó sì ń tún un ta, kẹ́ ẹ lè ta òmíràn lé e.

Àpẹẹrẹ kan ni Zoom G1 Four. Ó lè lo effect márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì AA mẹ́rin ló ń jẹ, ó sì lè gba iná láti USB. Ó ní looper àti ìlù nínú. G1X Four, ìkejì rẹ̀, ní ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀ fún wah àti volume. Wọn ò sanwó fún wa o. A kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa fi díwọ̀n àwọn yòókù ni.

Bátìrì yẹn kì í ṣe eré. Ẹni tó bá wà ní Band A, wákàtí 20 lójúmọ́ ni iná tí wọ́n ṣèlérí fún un. Band D, wákàtí 8. Band E, wákàtí 4 péré. Áńpù tó gbọ́dọ̀ gba iná láti ara ògiri á máa sùn nígbà tẹ́ ẹ bá ráyè kọ́ṣẹ́.

Ṣé fóònù ò lè ṣe é? Ó lè ṣe é dé ibì kan. iPhone ní GarageBand lọ́fẹ̀ẹ́, áńpù sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa nílò ohun tó so gìtá mọ́ fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ẹ ó ta okùn tán kí ohùn tó dé etí yín. Fún ilé, ó ṣeé fara dà. Fún ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìpè bá wọlé láàárín ìyìn ńkọ́?

Ohun kan tó ń ba ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́

Bí pẹ́dà yín bá ń lọ sínú mixer tàbí headphone, ẹ tan cab. Bí ó bá ń lọ sí iwájú áńpù gìtá, ẹ pa cab. Ìdí rẹ̀ ni pé áńpù ti ní sípíkà gidi tirẹ̀. Bí ẹ bá tan cab lé e, ohùn ti gba inú sípíkà méjì kọjá, á wá dà bí ẹni tó fi aṣọ méjì bo ẹnu tó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ pẹ́dà tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó torí pé "ohùn rẹ̀ ò dáa," kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n ju èyí lọ.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹ to ohùn kan báyìí: compressor díẹ̀, áńpù tó mọ́, chorus díẹ̀, delay díẹ̀. Ẹ dín reverb kù ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí gbọ̀ngàn tó tóbi ti ní tirẹ̀.

Ta ni kó kọ́kọ́ ra áńpù?

Ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní gìtá, tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹni tó ń ta gìtá níbi tí kò sí ẹ̀rọ, bíi ẹ̀gbẹ́ àdúrà inú ilé tàbí etí títì. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, áńpù oníbátìrì ló dáa. Roland Cube Street, bí àpẹẹrẹ, ń lo bátìrì AA mẹ́fà, ó sì ní ihò fún máìkì àti fún gìtá.

Ẹ má jẹ́ kí wáàtì tàn yín jẹ. Bí ẹ bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, decibel mẹ́ta péré ló máa lé. Kí etí tó lè sọ pé ariwo ti di ìlọ́po méjì, wáàtì ní láti pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, kò sí ìyàtọ̀ ńlá láàárín wáàtì 20 àti 30. Bí sípíkà ṣe tóbi tó ṣe pàtàkì. Fender Frontman 10G, oní wáàtì 10, sípíkà íǹṣì mẹ́fà ló ní. Ti yàrá ni. Boss Katana 50 ní sípíkà íǹṣì 12, ó lè dúró ti onílù, ó sì ní ibi tẹ́ ẹ lè fi dín in kù dé ìdajì wáàtì kan.

Iná: ibi tí owó ti ń jóná

Ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí. Iná ilé wa jẹ́ nǹkan bíi volt 230 sí 240. Áńpù tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, volt 120 ló ń lò; ti Japan, volt 100. Ti Gẹ̀ẹ́sì bá tiwa mu. Bí ẹ bá ki ti Amẹ́ríkà bọ iná wa lásán, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa rí i kó tàn. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí ó bá jẹ́ 120, ẹ fi owó step-down kún iye rẹ̀, kí step-down náà sì lágbára ju iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn áńpù lọ. Ẹni tó bá ní ká kàn pààrọ̀ plọ́ọ̀gì rẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Pẹ́dà náà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń lo volt 9, tí àárín ihò rẹ̀ jẹ́ negative. Adapter ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù Yamaha PSR tó kún ṣọ́ọ̀ṣì wa jẹ́ volt 12, àárín rẹ̀ sì jẹ́ positive. Ẹnu wọn lè wọ ara wọn, ṣùgbọ́n ó lè ba pẹ́dà jẹ́. Ẹ fi téèpù aláwọ̀ pupa sàmì sí adapter tiyín.

Bí áńpù bá ń kùn nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà lórí, ẹ má ṣe yọ ẹsẹ̀ gígùn plọ́ọ̀gì, ẹsẹ̀ earth nìyẹn. Òun ló ń dáàbò bo yín. Onígìtá tó ń kọrin, tí áńpù rẹ̀ ò ní earth, bí ètè rẹ̀ bá kan máìkì, iná lè gbá a. Ariwo díẹ̀ sàn ju ẹ̀mí lọ.

Lọ́jà

Ẹ má fọkàn tẹ iye tẹ́ ẹ gbọ́ nínú fídíò àtijọ́. Ṣáájú oṣù kẹfà 2023, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan. Nígbà tó fi di oṣù kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ bi ẹni mẹ́ta léèrè lọ́jọ́ kan náà, ìbáà jẹ́ ní Alábà tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ gbé gìtá, wáyà àti headphone tiyín dání. Ẹ yí gbogbo bọ́tìnì. Èyí tó bá ń ha gàràgàrà ti dọ̀tí nínú. Ẹ tẹ gbogbo ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí iná fún ìṣẹ́jú 15, torí ohun tó máa ń kú lẹ́yìn tó bá gbóná kì í kú ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti rí i, ẹ pàdé níbi tí iná àti èèyàn wà, ẹ má sì sanwó sílẹ̀.

Bí a ṣe máa pín owó rèé: nínú gbogbo ₦100 tó wà lọ́wọ́ yín, ₦60 fún pẹ́dà, ₦15 fún headphone, ₦10 fún wáyà tó dáa, kẹ́ ẹ fi ₦15 pamọ́ fún bátìrì, okùn gìtá àti àtúnṣe. Ẹni tó bá ná gbogbo rẹ̀ tán sórí pẹ́dà, tó wá ra wáyà tó ń já lẹ́nu, wáyà yẹn ló máa pinnu bí òde ṣe máa rí fún un.

Bí ẹ bá ti rí pẹ́dà kan tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ volt sí, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó sanwó. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ okùn gìtá la máa sọ. Ó dìgbà yẹn o.