Ọrùn Yín Ni Wọ́n Ń Wò: Ìdánwò Láísẹ́ǹsì Máṣíìnì Lójú Márosẹ̀

Ní Ìjerò, ní Àrámọ̀kọ, ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ọmọ tí kò tíì tó ogún ọdún á ti máa fi alùpùpù gbé kòkó bọ̀ láti oko. Ó mọ̀ ọ́n gùn dáadáa. Ẹ wá ní kó lọ ṣe ìdánwò láísẹ́ǹsì, ojora á mú un. Ohun tó fà á ni pé ìdánwò náà kò béèrè bóyá èèyàn lè gun alùpùpù. Ohun mìíràn ló ń béèrè, kò sì sí ẹni tó jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀díẹ̀. Máṣíìnì ni màá máa pe alùpùpù náà, torí bẹ́ẹ̀ là ń pè é nílé.

Ẹni tó bá fẹ́ gba láísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí lẹ ó kọ́kọ́ gbà lọ, kí ẹ lè rí ìwé ẹ̀rí àti ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ gbà. Ìdánwò ló kàn, ọwọ́ VIO ló sì wà, àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń yẹ ọkọ̀ àti awakọ̀ wò. Tí wọ́n bá ní ẹ yege, tí ẹ sì ti san owó ìjọba, ó di ọwọ́ FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988. Àwọn ló máa ya fọ́tò yín, tí wọ́n máa gba ìtẹ̀ka yín fún káàdì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bẹ̀rù FRSC lórí ọ̀rọ̀ ìdánwò. VIO ni kẹ́ ẹ múra dè.

Tó bá jẹ́ mọ́tò ni, ọ̀gá VIO á jókòó tì yín, á máa wo ojú yín, á máa wo ẹsẹ̀ yín. Kò lè jókòó tì yín lórí máṣíìnì. Òkèèrè ló ti máa wò yín, nítorí náà ohun tí ara yín bá ṣe nìkan ló máa rí. Bí ẹ bá fi ọkàn wo ẹ̀yìn tí ọrùn ò yí, lójú tiẹ̀, ẹ ò wo nǹkan kan.

Bákan náà lọ̀rọ̀ rí fún àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Méjì ni wọ́n pín ìdánwò gígun máṣíìnì ibẹ̀ sí. Orí ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n ti ń ṣe àkọ́kọ́. Ojú títì ni wọ́n ti ń ṣe èkejì, bí ìṣẹ́jú 40: olùdánwò á gun máṣíìnì tiẹ̀ tẹ̀ lé wọn, á máa fi rédíò sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà sí wọn létí. Tí àṣìṣe kéékèèké bá ti ju 10 lọ, wọ́n ti kùnà nìyẹn, àṣìṣe ńlá kan ṣoṣo sì tó láti fìdí wọn rẹmi. Ẹ̀yìn ọrùn wọn ni olùdánwò náà ń wò látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Kí ẹ tó gùn ún rárá, àṣíborí ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 ni FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò bá dé e. Ẹ̀yin tó dàgbà díẹ̀ á rántí pé àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá nígbà náà, àwọn kan dé ike ọ̀dà. A fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àṣíborí gidi tí wọn ò de okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju igbá ọjọ́sí lọ, torí ó lè ti fò dànù kí orí tó kanlẹ̀. Ẹ de okùn náà níṣojú ọ̀gá VIO.

Ẹ wo díńgí náà. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì níbí ni wọ́n ti tú díńgí rẹ̀ sọ nù kó lè ráyè gba àárín mọ́tò kọjá. Tí tiyín bá wà lára wọn, ẹ lọ ra méjì kí ẹ tó lọ. Ẹ tẹ fèrè wò, ẹ tan iná iwájú àti tírafíkétọ̀ wò, ẹ yẹ iná bíréèkì wò.

Orí pápá ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ rìn jẹ́jẹ́ yípo nǹkan. Eré púpọ̀ rọrùn ju eré díẹ̀ lọ, torí pé máṣíìnì tó ń sáré fúnra rẹ̀ ń dúró ṣánṣán. Nígbà tó bá rọra ń lọ, ẹ di kílọ́ọ̀ṣì mú dé ìdajì, ẹ fún un níná díẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn fẹ́ẹ́rẹ́. Ibi tí ẹ fẹ́ lọ ni kí ojú yín wà. Ẹni tó bá tẹ ojú mọ́ táyà iwájú, á fẹsẹ̀ kanlẹ̀ dandan.

Ó wá kan ojú márosẹ̀, ká ní ọ̀nà Adó sí Iléṣà tó gba Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n kọjá. Ẹ̀bá ọ̀nà lápá ọ̀tún lẹ dúró sí. Ẹ wo díńgí, ẹ tan tírafíkétọ̀ òsì, kí ẹ wá yí ọrùn wo ẹ̀yìn lápá òsì kí ẹ tó gbéra. Ìdí tí díńgí nìkan kò fi tó ni pé ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká yín tí kì í fi hàn. Mọ́tò odidi lè fara pamọ́ síbẹ̀.

Yíyà sí òsì ló le jù. Ẹ wo ìkóríta Ìtawùré, níbi tí ọ̀nà Òkè-Ìmẹ̀sí ti yà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n, tó fẹ́ gba ọ̀nà yẹn, á gé ojú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ láti Àrámọ̀kọ kọjá. Gbogbo ojú rẹ̀ á wà lára wọn, ó sì lè jẹ́ pé àkókò yẹn gan-an ni ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń gba òsì sáré kọjá. Nítorí náà, lẹ́yìn díńgí, lẹ́yìn tírafíkétọ̀, lẹ́yìn tí ẹ ti dín eré kù, tí iwájú sì ti dá, ẹ tún yí ọrùn sí òsì lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó ṣẹ́ ọwọ́. Ìwò ìkẹyìn yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé.

Òfin fi ìwọ̀n eré máṣíìnì sí kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Ní ìwọ̀n yẹn, bí mítà 14 lẹ ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tí ewúrẹ́ bá já sọ́nà, tó sì gbà yín ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí ọwọ́ tó dé bíréèkì, mítà 14 ti lọ láìdín eré kù rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi irú ìṣirò yẹn wo yíyá ọkọ̀ sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí ti ń bọ́. Ká ní tírélà kan ń lọ ní 40, ẹ̀yin ń lọ ní 50. Ìyàtọ̀ àárín yín kò tó mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní tírélà náà gùn tó mítà 16, kí ẹ sì fi mítà 10 sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ àti mítà 10 níwájú rẹ̀: mítà 36 lẹ máa fi yọ sílẹ̀ lára rẹ̀. Ìyẹn á gbà yín ní ìṣẹ́jú àáyá 13 lójú ọ̀nà ẹlòmíràn. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ̀yin ti rin bí mítà 180, mọ́tò tó ń bọ̀ ní 80 sì ti rin bí mítà 290. Ẹ pa á pọ̀: mítà 470, ó kù díẹ̀ kó tó ìdajì kìlómítà, tí kò gbọ́dọ̀ sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi ibi tí ẹ ti lè rí ìdajì kìlómítà láàárín àwọn kọ́nà òkè Ẹ̀fọ̀n, àgàgà láàárọ̀ tí kùrùkùrù bá bolẹ̀. Tí ọ̀gá VIO bá rí i pé ẹ dúró sẹ́yìn tírélà láìjà, kò ní pè yín ní ojo.

Àwọn kan máa ń pa ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tàbí kí wọ́n fi jíà sí fírì kí epo má baà jó. Owó epo ni wọ́n ń ṣọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó wà nínú jíà ń fa máṣíìnì sẹ́yìn. Tí ó bá wà ní fírì, bíréèkì nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, á gbóná, agbára rẹ̀ á sì dín kù nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Orí òkè ni kí ẹ ti wọ jíà kékeré, kí ẹ sì ti dín eré kù kí ẹ tó wọ kọ́nà.

Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ dúró lójijì. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà kì í fọwọ́ kan bíréèkì iwájú, wọ́n ní ó ń gbé èèyàn ṣubú. Ẹ rántí bí èrò ṣe ń dà síwájú tí bọ́ọ̀sì bá tẹ bíréèkì lójijì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ̀n máṣíìnì ń dà sórí táyà iwájú. Táyà yẹn á wá di ilẹ̀ mú dáadáa, tẹ̀yìn á sì fúyẹ́, á máa yọ̀. Ẹ lo méjèèjì pa pọ̀, kí máṣíìnì dúró ṣánṣán, kí ẹ máa fún tiwájú le díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ṣubú já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà ni, tàbí kí wọ́n fún un nínú kọ́nà tàbí lórí yanrìn.

Ẹnì kan lè pè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé òun á bá yín gba káàdì láìṣe ìdánwò. Owó yín lẹ ó fi ra ewu, nítorí tírélà kì í béèrè káàdì.

Tí káàdì bá dé ọwọ́ yín, ẹ wo lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ibi irú ọkọ̀ tí wọ́n gbà yín láyè láti wà. A ni lẹ́tà ti máṣíìnì. Tó bá jẹ́ B nìkan lẹ rí níbẹ̀, mọ́tò ni wọ́n fún yín láṣẹ láti wà. Ẹ má gun máṣíìnì kúrò níbẹ̀. Ẹ dá káàdì náà padà kí wọ́n tún un ṣe.